Bí Ìyá Àgbà Ṣe Fẹ́ Dákẹ́ Wọ Ìjàyè

Ràbíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìrókò. Ọmọ ewìrì tí ń mí kí iná tó jí. Ọmọ a-bá-irin-wí-kí-irin-gbọ́. Ọmọ owú tí kì í fọhùn jẹ́jẹ́. Ìyá Wúràọlá tó bí mi, ìyá gbogbo ilé, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jí àdúgbò jẹ sáàrì kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtijí. Ẹ ti lọ, ilé ti dákẹ́, ìdákẹ́ náà kò sì bá wa lára mu.

Mi ò ní ka ìgbésí ayé wọn láti ìbí dé ikú. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn ti kú tipẹ́, ìwé mẹ́fà tí mo kà kò sì lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èmi Ràṣídì, ọmọ ọmọ wọn àgbà, tí irun tèmi náà ti funfun, ohun tí mo rántí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí owú ti ń lu irin láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun gbọ́dọ̀ pariwo. Nígbà tí wọ́n lọ sílé ọkọ, ohùn náà bá wọn lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún ọ, ewúrẹ́ á dìde nílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì rọra bi Ìyá Múnírù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bóyá wàásù náà ṣì máa pẹ́. Lẹ́mọ́mù ló dá wọn lóhùn láti iwájú, ó ní ó kù díẹ̀. A ra fóònù fún wọn. Wọ́n á nà án jìnnà sí ẹnu bí ẹni tó mú ejò nírù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò ìyá mi kan tó ń gbé ní Ajíbọ́dé sọ̀rọ̀, títí tí àwa tó wà nílé fi ń sọ láàárín ara wa pé ká pa fóònù náà ká fi owó káàdì pamọ́, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ á ṣáà gbọ́. Nígbà tí fóònù náà bàjẹ́, wọn ò bínú. Wọ́n ní, “Ó ń jowú ohùn mi ni.”

Ohùn yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àbúrò wọn, Sàláwátù, tó lọ́kọ sí Ìjàyè, tí àwa ń pè ní Ìyá Ìjàyè. Ìyá Ìjàyè ń fi ọmọ fọ́kọ, gbogbo wa sì lọ síbi yìgì náà. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tí Ìyá àgbà fi ń ṣàlàyé fún àwọn àna bó ṣe yẹ kí wọ́n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé fún alásè bó ṣe yẹ kí iyọ̀ rí. Wọ́n ń ṣàlàyé fún ọkọ ìyàwó ohun tí ìyàwó jẹ́ lọ́wọ́, nígbà tí Ìyá Ìjàyè rẹ́rìn-ín sí àwọn àna, wọ́n ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn. Ariwo lásán ni ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó ṣẹlẹ̀ pé ibi gbogbo dákẹ́ ní àsìkò yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ìyá àgbà dìde, wọ́n gbé kúlà móínmóín tí wọ́n gbé wá kí àwọn àna, wọ́n sì ní kí n fi mọ́tò mi gbé àwọn padà sí Ìrókò. Móínmóín àna ni gbogbo ilé wa jẹ títí ó fi sú wa. Wọ́n ní àwọn ò ní tẹ Ìjàyè mọ́ láyé àyàfi tí Sàláwátù bá wá bẹ àwọn. Ìyá Ìjàyè náà, inú ilé alágbẹ̀dẹ kan náà ni wọ́n ti bí wọn, irin kì í sì í bẹ irin. Ọdún ń gorí ọdún. Tí èèyàn bá ṣèèṣì dárúkọ ìlú náà, Ìyá àgbà á wò ó lójú, wọ́n á ní, “Ìjàyè? Ọ̀nà ibo nìyẹn?”

Mọ́tò tí mo wí pé mo fi gbé wọn yẹn, mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé ni. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti darúgbó kó tó tọwọ́ mi. Ìyá àgbà kì í sọ “ìwọ” sí i. Wọ́n ní ẹni tó ti gbé òkè òkun kó tó wá fi Ìrókò ṣe ilé, àgbà ni, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Láràárọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, irin. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Ẹni tó bá fi ìbínú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa gbì, onítọ̀hún ti dẹ́ṣẹ̀. Ìjókòó iwájú ni tiwọn. Bẹ́líìtì tó wà níbẹ̀, wọn kì í gbà kí n dè é mọ́ wọn lára. Wọ́n á dì í mú lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa àgbò Iléyá bọ̀ láti ọjà. Tí mo bá sì sáré jù, èmi kọ́ ni wọ́n máa ń bá wí. Mọ́tò ni wọ́n ń bẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ní, “Ẹ má wo ti Ràṣídì. Ọmọdé ló ń dà á láàmú.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsúbà, Jìnádù tó jẹ́ ọmọ Ìyá Ìjàyè pè mí. Ó ní ìyá òun ti dùbúlẹ̀, wọn ò jẹun mọ́, wọ́n kọjú sí ògiri, ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni wọ́n ń béèrè. Mo dúró lójúde, mo ń ro bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún Ìyá àgbà kó má di ìjà. Mi ò tíì rò ó dé ìdajì tí wọ́n fi jáde, gèlè ti wà lórí, wọ́n mú bútà àlùwàlá dání, wọ́n sì gbé ike láfún ńlá kan mọ́ àyà. Wọ́n ti gbọ́ láti inú yàrá. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìjà. Wọ́n ní, “Sàláwátù kì í kọ láfún mi.” Wọ́n wá yíjú sí mọ́tò, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré lónìí.”

A ò tíì dé Mọ́níyà tí nǹkan fi já níwájú mọ́tò. Ariwo tó tẹ̀lé e, fàkà-fàkà-fàkà, bí ẹni ń fi ọmọ odó gún páànù, èéfín sì ń wọlé bá wa. Mo yà sọ́dọ̀ Mùdáṣírù, mẹkáníìkì mi ní Mọ́níyà. Mùdá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ní páìpù tó ń dá èéfín padà ló fọ́ lọ́rùn.

Ìyá àgbà ní kí ó tún un sọ. Mùdá ní páìpù kékeré kan wà tó yọ lára ibi tí èéfín ń gbà jáde, òun ló ń mú díẹ̀ nínú èéfín náà padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ẹ́ńjìnnì lè tún un jẹ. Ìyá àgbà wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá níwájú àgbàlagbà. Wọ́n bi í pé èéfín tó ti jáde nílé, kí ló gbàgbé tó ń padà lọ mú? Irú ẹ̀dá wo ló ń jẹ èébì ara rẹ̀? Mùdá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ń jẹ ẹ́ kí iná inú rẹ̀ má baà gbóná jù ni; ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbé mì, ìyókù á gba ẹ̀yìn lọ. Páìpù tó wá fọ́ yìí ni kò jẹ́ kó rí i gbé mì mọ́, òun ló fi ń pariwo.

Ìyá àgbà dákẹ́. Ẹ jẹ́ n tún un sọ kó yé yín: wọ́n dákẹ́. Mùdá bi mí bóyá ara wọn yá.

Ó gbìyànjú láti tú páìpù náà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó dè é ti dípẹtà, kò gbọ́ ti sípánà. Ó ní kí òun fi epo rin ín di ọjọ́ kejì. Tàbí kí òun gé páànù pẹlẹbẹ kan, kí òun fi dí ọ̀nà èéfín náà pa. Ìyá àgbà bi í pé tó bá dí i pa ńkọ́? Ó ní ariwo á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa gbóná, tó bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa kàn kó-kó-kó. Wọ́n ní rárá, kò gbọdọ̀ dí i. Wọ́n bi í bóyá mọ́tò lè rìn báyìí. Ó ní á rìn, ká ṣáà ṣí wíńdò sílẹ̀ kí èéfín má baà gbé wa, pé ariwo nìkan ló kù. Wọ́n wọlé, wọ́n di bẹ́líìtì wọn mú. “Ariwo kò pa ẹnì kankan rí,” ni wọ́n wí.

A gba ọ̀nà Ìjàyè. Ní abúlé kan, wọ́n rò pé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ káàkiri ló ń bọ̀. Obìnrin méjì sáré gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó wá sétí títì, wọ́n ń na ọwọ́ dá wa dúró. Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá àgbà ì bá ti bá wọn fa ọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi yẹrí. Wọn ò kí wọn. Iwájú nìkan ni wọ́n ń wò. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ìlú, wọ́n ní, “Ràṣídì, dúró.”

Mo dúró, mo paná ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n ní, “Mi ò lè pariwo wọ ilé Sàláwátù. Ohun tó sọ nípa mi, ṣé kí n wá gbé e bá a lórí àìsàn ni?”

Mo ní mọ́tò ló ń pariwo, kì í ṣe àwọn. Wọ́n ní ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó dùbúlẹ̀, tó kọjú sí ògiri? Ó lè gbọ́ ọ, kó rò pé ìjà ni ẹ̀gbọ́n òun tún bá wá, kó sì gba ibẹ̀ kú. Wọ́n ní yàtọ̀ sí ìyẹn, Ìjàyè ti rí ariwo ogun tó wá láti ọ̀nà Ìbàdàn rí, wọn ò tíì gbàgbé. Mo ní ká fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n wo orúnkún wọn, wọ́n wò mí. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ohun tó ti wà nínú wọn láti Mọ́níyà. Wọ́n ní, “Irin lásánlàsàn ń gbé ooru ara rẹ̀ mì. Èmi tí mo lẹ́nu, tí mo lọ́fun, mi ò gbé tèmi mì láti ọdún wọ̀nyí.”

Wọ́n wá ní kí n gbé ike láfún wá. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ìkòkò wo ló là lọ́wọ́ àwọn rí tí àwọn ò fi láfún dí? Mo ní ìkòkò kọ́ nìyí. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe iná ló wà nínú rẹ̀ ni? Mo gbé ike náà wá.

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Gàníyù ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, ó mú àdá lọ́wọ́. Kó tó kí wa tán, Ìyá àgbà ti rán an níṣẹ́. Ó wá agolo tòmátò kan nínú igbó, ó fi àdá là á, ó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí òkúta. Páìpù mọ́tò náà ti tutù díẹ̀ nígbà náà. Ìyá àgbà da omi bútà sórí láfún, wọ́n pò ó títí ó fi le koko. Gàníyù wò wá tìyanutìyanu, ó wá fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá kí òun lọ gbé ọbẹ̀ wá láti ilé. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mọ́tò, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín lọ́rùn,” wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lẹ láfún náà yí ibi tó fọ́ ká. Èmi àti Gàníyù fi páànù agolo wé e, a fi wáyà tí mo fi ń de búùtù dè é pinpin.

Mo ṣáná. Mọ́tò náà ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Inú Ìyá àgbà dùn débi tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn.

Ohun tí ẹnì kankan nínú wa ò rò ni pé láfún tó bá wà lórí irin gbígbóná á jinná, tó bá sì jinná tán, á jóná. A ò tíì kọjá ilé kejì ní Ìjàyè tí òórùn náà fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń já ẹ̀fọ́ lójúde gbóòórùn, ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ wo ìkòkò rẹ̀. Ti ilé kejì sáré. Ti ilé kẹta ń sáré, ó ń ṣépè fún ọmọ tó ní kó bá òun ṣọ́ iná. Bí a ṣe ń kọjá ni gbogbo ilé ń sá lọ sí ìdí àdògán. Àwọn ewúrẹ́ ìlú ní tiwọn kò ní ìkòkò tí wọ́n ń ṣọ́. Àwa ni wọ́n tẹ̀lé. Nígbà tí a fi máa dé ojúde Ìyá Ìjàyè, wọ́n ti pọ̀ ju èrò tó wá síbi yìgì lọ. Mo fẹ́ yíjú wò wọ́n. Ìyá àgbà gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Má wẹ̀yìn. Ó ṣe tán, a ò pariwo.”

Ìyá Ìjàyè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri gẹ́gẹ́ bí Jìnádù ṣe wí. Jìnádù fúnra rẹ̀ ti sáré lọ wo ilé ìdáná. Ìyá àgbà jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà. Ohùn tín-ín-rín kan jáde lẹ́nu wọn tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. “Sàláwátù, èmi ni. Mo wá bẹ̀ ọ́.”

Ìyá Ìjàyè ò mira. Ìyá àgbà tún un sọ, wọ́n tún rọra sọ ọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n wò mí, omi ti kún ojú wọn. Wọ́n ní, “Kò fẹ́ dá mi lóhùn.” Wọ́n ti ń na ọwọ́ sí mi kí n gbé wọn dìde, nígbà tí Jìnádù padà wọlé.

Jìnádù dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó ní, “Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Ìyá àgbà. Etí wọn ti di. Wọn kì í gbọ́ tiwa mọ́.”

Ìyá àgbà fa èémí sínú. Mo di etí mi. Wọ́n ní, “Sàláwátù, ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá! Má bínú sí mi!” Páànù òrùlé dún. Gbogbo ewúrẹ́ ojúde tú ká. Gàníyù tó kù sójú ọ̀nà oko sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ “má bínú” náà, òun sì ti ń dárí jì wọ́n kí òun tó rántí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bẹ̀.

Ìyá Ìjàyè yíjú kúrò lára ògiri. Ojú wọn rí bí ti ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé fún. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn èèyàn. Tiyín nìkan ló wọlé.”

A ro èyí tó kù nínú láfún náà, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Mùdá, ó gun ọ̀kadà wá bá wa ní Ìjàyè tòun ti irinṣẹ́. Láfún ti gan mọ́ páìpù náà bí àpáta, ṣísẹ́ẹ̀lì ló fi ṣá a kúrò, ó sì ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò bá oúnjẹ pàdé níbẹ̀ rí. Ó fi iná gáàsì yan nọ́ọ̀tì náà títí ó fi pọ́n, ìgbà náà ló tó gbọ́ ti sípánà. Ó tú páìpù, ó jó ibi tó fọ́, ó fi yanrìn pa á lára títí ó fi dán, ó dá a padà. Ìyá àgbà jókòó lórí ìjókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó irin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsinmi. Ó sú Mùdá, ó gbé ojú sókè wo Ìyá Ìjàyè, tí wọ́n ti jáde wá jókòó tì wọ́n, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀. Ìyá Ìjàyè mi orí sí i. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi ń gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà di etí àbúrò wọn. Tí Jìnádù bá fẹ́ sọ nǹkan fún ìyá rẹ̀ tí kò wọlé, á pe fóònù mi ní Ìrókò, á gbé tirẹ̀ sétí ìyá rẹ̀, á ní kí Ìyá àgbà bá òun sọ fún wọn pé oúnjẹ ti délẹ̀. Gbogbo Ìrókò ló mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Ìjàyè. Nígbà tí ẹnì kan ládùúgbò ráhùn, Ìyá àgbà ní, “Ṣé wọ́n ní kó o wá bá wọn jẹ ẹ́ ni?”

Ohùn náà ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣàìsàn díẹ̀, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ fòyà títí di àárọ̀ tí wọ́n béèrè omi tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́. Mo lọ gbé Ìyá Ìjàyè wá. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n di ọwọ́ wọn mú. Lọ́jọ́ kẹ́yìn, ètè Ìyá àgbà ń mì. Gbogbo àwa tí etí wa pé tẹ̀ mọ́ wọn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Ìjàyè tí etí wọn di ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n kú ní àfẹ̀mọ́jú Àlàmísì. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, ní Ìrókò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wúràọlá ọmọ wọn. Àbúrò wọn wà níbẹ̀ títí a fi bo ilẹ̀ tán.